Odina Kò Jí Epo

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará Khorog, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Dókítà ti ní àyà mi yìí kò ní rí ìgbà yìnyín tó ń bọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi Mamadsho ò ní gbé irọ́ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Odina kò jí epo! Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́ di olè, inú mi sì ń dùn pé ẹnu kan náà ló ń tú u sílẹ̀ lónìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Odina. Òun ló ń fi ọkọ̀ mi gbé èrò lọ sí Murghab. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, èmi fúnra mi wa ọkọ̀ náà bọ̀ láti orí òkè Koitezek, tó wà lójú ọ̀nà Murghab. Nígbà tí mo délé, nọ́ńbà tó ń tàn níwájú awakọ̀, èyí tó ń sọ ibi tí epo inú táǹkì lè gbé èèyàn dé, wà ní irinwó ó lé ọgọ́rin kìlómítà. Murghab ò sì ju ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Odina ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n ra epo kún un. Òkè la máa gùn o." Mo ní, "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? O ò rí nọ́ńbà? Ọkọ̀ gbọ́n jù ẹ́ lọ! Máa lọ jàre." Ó lọ.

Epo tán ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Alichur, nínú yìnyín. Èrò márùn-ún ló sùn síbẹ̀. Òtútù jẹ ìka ẹsẹ̀ méjì lára arúgbó obìnrin kan tó ń jẹ́ Zevar. Nígbà tí àwọn èèyàn bi mí, mo ní, "Epo tó máa dé Murghab, tó sì máa ṣẹ́kù, ló wà nínú ọkọ̀. Ẹ bi í níbi tó tà á sí."

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Títí di ìgbà yẹn, mo ṣì lè sọ pé mi ò mọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹta mo gbé epo lọ, mo bu ú sínú ọkọ̀ náà, mo sì wà á wálé. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní Koitezek, nọ́ńbà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i! Igba di ọ̀ọ́dúnrún, bẹ́ẹ̀ mi ò bu ẹ̀kán epo kan sí i mọ́ lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Nọ́ńbà náà ò mọ ọ̀nà tó wà níwájú rárá. Bí ọkọ̀ ṣe mu epo ní ọ̀nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn ló fi ń ṣírò. Tí ọkọ̀ bá ń sọ̀, kì í mu ju líta mẹ́rin lọ ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Tó bá ń gòkè, ó ń mu méjìdínlógún. Ó yé mi yékéyéké, èmi àgbàyà! Ní ọjọ́ kejì tí mo gbé ọkọ̀ délé, àwọn àgbà gbé búrẹ́dì síwájú mi. Odina ní, "Bàbá, ẹ rántí ohun tí mo sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn." Mo gbọ́wọ́ lé búrẹ́dì, mo búra pé kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni bá ti fi búrẹ́dì búra, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fún un ní ọkọ̀ wà mọ́. Àgùntàn ló ń dà láti ọdún mẹ́jọ, àwọn ọmọdé sì ń kígbe "olè epo" tẹ̀ lé e.

Lánàá, mo kó àwọn àgbà méjì àti Zevar sínú ọkọ̀, mo ní kí Odina wà á. Bí a ṣe ń gun Koitezek, nọ́ńbà ń já wálẹ̀. Lókè pátápátá, ó ku ọgọ́fà. Mo ní, "Yí padà, ọmọ mi." Bí a ṣe ń sọ̀, Zevar ń kà á sókè: "Ogóje! Igba! Yéè, ta ló ń bu epo sí i?" Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan. Èmi ni mo parọ́." Mo sọ gbogbo ẹ̀. Zevar ní, "Mamadsho, ìwọ èèyàn burúkú yìí! Ọdún mẹ́jọ!" Bí Odina ṣe dá ọkọ̀ dúró, Zevar dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń kígbe ayọ̀ títí àwọn òkè fi ń dáhùn.

Odina ò tíì sọ pé òun dárí jì mí. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mi ò kán an lójú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé ẹ ti ṣàṣìṣe, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ ọ́. Mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà pátápátá. Láàárọ̀ yìí ní gáréèjì, ọkọ̀ mẹ́fà ló ń dúró de èrò. Àwọn awakọ̀ ń pe Zevar pé, "Màmá, tèmi ló kọ́kọ́ ń lọ o!" Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Odina la ń dúró dè."