Dẹ́kìn Tí Erin Lè Jó Lé

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e. Omi ń ya nítòsí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún láti ìsàlẹ̀ ilé.]

ỌMỌ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ?

BÀBÁ: A dúpẹ́. Orí àkàbà ni mo wà, mò ń rẹ́ ògiri. Sọ ọ́ kíá.

ỌMỌ: Kò le. Ilẹ̀kùn yàrá ìránṣọ Màmá ni. Kò fẹ́ pa dé mọ́. Ṣé kí n pe káfíńtà kó fá orí ẹ̀ díẹ̀?

BÀBÁ: Láti ìgbà wo?

ỌMỌ: Àárọ̀ yìí. Ó ń pa dé dáadáa lánàá.

BÀBÁ: Kí ló ń ya bí òjò yẹn?

ỌMỌ: Omi ni.

BÀBÁ: Omi kí ni?

ỌMỌ: Bàbá, ẹ má bínú —

BÀBÁ: O ti gbé táńkì ẹja yẹn gòkè.

ỌMỌ: Mo ti gbé e gòkè. Látàárọ̀ ni mo ti ń rọ omi sí i.

BÀBÁ: Ṣé mi ò ní kó o má ṣe é?

ỌMỌ: Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò kàn sọ ìdí. Mo calculate ẹ̀, Bàbá. Lítà ẹgbẹ̀rún méjì, tọ́ọ̀nù méjì. Bí ìgbà tí èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n dúró pọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣègbéyàwó, a ju ogójì lọ nínú yàrá òkè yẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀?

BÀBÁ: Àwọn yẹn padà sílé wọn. Omi ò ní lọ síbì kankan. Apá ibo lo gbé e sí?

ỌMỌ: Apá fèrèsé. Ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà.

[Àkàbà ń dún lọ́dọ̀ Bàbá, ó ń sọ̀ kalẹ̀.]

ỌMỌ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Mo gbọ́ ẹ. Ti omi yẹn pa.

ỌMỌ: Mi ò ní tì í. Ó ku díẹ̀ kó kún. Oṣù mẹ́ta lẹja mi fi wà nínú ike tí wọn ò ti lè yíra padà —

BÀBÁ: Mo ní kó o —

ỌMỌ: Ta ló da dẹ́kìn ilẹ̀ òkè yìí? Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni? Láti kékeré mi lẹ ti ń sọ fún gbogbo àlejò pé erin lè jó lórí ẹ̀. Erin, Bàbá. Ẹja ni mo gbé sí i.

BÀBÁ: Ìyá ẹ dà?

ỌMỌ: Wọ́n wà nísàlẹ̀, wọ́n ń ránṣọ. Wọ́n ń ráhùn pé iyanrìn ń já sórí aṣọ oníbàárà.

[Nǹkan irin já bọ́ lọ́dọ̀ Bàbá.]

BÀBÁ: Ní kó jáde. Báyìí báyìí.

ỌMỌ: Ẹ dúró... Màmá, Bàbá ní kẹ́ ẹ bọ́ síta... Wọ́n ní àwọn ò lọ. Wọ́n ní ọkọ àwọn ló da kankéré yìí, ẹni tí ò bá fọkàn tán an kó máa lọ.

BÀBÁ: ...ò tó. Ṣé o gbọ́ mi?

ỌMỌ: Ohùn yín ń já. Kí ni ò tó?

BÀBÁ: Irin. Lọ́jọ́ tá a dà á, irin tán ká tó dé apá fèrèsé. A ti po kankéré, òjò ti ṣú. Ibi tó yẹ kí irin mẹ́ta wà, ọ̀kan ni mo tẹ́ síbẹ̀. Mo da kankéré bò ó.

ỌMỌ: Erin ńkọ́?

BÀBÁ: Kò sí erin kankan. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń pariwo erin.

[Omi dákẹ́.]

ỌMỌ: Mo ti tì í. Mo ti so rọ́bà mọ́ ìdí táńkì, omi ń gba ojú fèrèsé jáde. Ẹja mi tún di ẹja inú ike nìyẹn.

BÀBÁ: Sáré lọ sọ fún ìyá ẹ —

ỌMỌ: Rárá. Ẹ̀yin lẹ sọ ti erin, ẹ̀yin náà lẹ máa sọ èyí. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mo ti fi yín sí speaker.

BÀBÁ: Ìyá àwọn ọmọ mi. Ilẹ̀ tó wà lókè orí ẹ yẹn, irọ́ ni mo pa. Irin ò tó níbẹ̀. Jọ̀ọ́, dìde.

[Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún.]

BÀBÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

[Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Àga wọ́ nílẹ̀.]

ỌMỌ: Wọ́n ti jáde. Àwa méjèèjì ti wà níta. Bàbá, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi irin síbẹ̀, màá tún gbé e gòkè.

BÀBÁ: Kí ni ìyá ẹ wí?

ỌMỌ: Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu tẹ́ ẹ fi gbé erin síbẹ̀ gbé dẹ́kìn náà ró títí irin á fi dé.

[Fóònù já.]