Ìṣó Bàtà Lórí Àtẹ̀gùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi, nítorí bí mo bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò mọ̀ bóyá n óò tún lè la ẹnu. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí ọmọbìnrin tó jókòó sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn ti wà lọ́mọ ẹ̀yìn. Mo gbé e jẹun, mo gbé e sùn, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e bọ̀. Lónìí ó di dandan kí n pọ̀ ọ́. Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ má bínú pé mo ní kí ẹ wá. Ojú yín ni irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì bá wa gbé e kiri. Kò tọ́ kí òótọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ inú yàrá. Àbúrò mi, má wolẹ̀. Ohun tí o ṣe, èmi ni mo tì ọ́ sí i. Ìyàwó wa, ìyá ọmọ yìí, mo rí i pé ẹnu ọ̀nà lo dúró sí. Mi ò ní ní kí o wọlé. Gbọ́ ọ láti ibẹ̀.

Ẹ wo àtẹ̀gùn yẹn. Pákó lásán ni báyìí, ṣùgbọ́n rọ́ọ̀gì pupa ló bò ó láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ, ìṣó gígùn olórí pẹrẹsẹ ló sì fi kàn án mọ́ ìdí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kò fo ibì kan. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin àbúrò mi yìí, tó dàgbà sọ́wọ́ mi, tó ń pè mí ní Màmá, gbé ẹmú àti ọ̀bẹ dé. Ó ní, "Màmá, rọ́ọ̀gì yìí ti ya. Ìka ẹsẹ̀ yín á há sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo máa ká a kúrò lónìí, kí ẹ má baà ṣubú bíi ti Màmá Àgbà." Ìyá mi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo gbé ife ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Fi sílẹ̀, jẹ́ ká pe oníṣẹ́." Ó ní, "Oníṣẹ́ wo? Ọmọ ọmọ káfíńtà ni mí o!" Ó kúnlẹ̀ síwájú àtẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Rọ́ọ̀gì yìí kúkú jù mí lọ. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí i kí n tó ká a."

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí èyí tí a bá ti tú lè máa wọ́ lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀. Ó bi mí pé, "Màmá, òkè ni àbí ìsàlẹ̀?" Mo ní, "Ìsàlẹ̀." Ẹ gbọ́ irọ́ mìíràn! Mo rò pé yóò rẹ̀ ẹ́ kó tó dé òkè. Mo rò pé wọn óò pè é níbi iṣẹ́, tàbí pé àlejò yóò dé. Àní mo gbàdúrà kí ọ̀bẹ gé e níka díẹ̀, ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi tọ́, kó ṣáà lè dáwọ́ dúró. Ibi tí ẹ̀rù lè gbé ènìyàn dé nìyẹn. Mo jókòó sí pálọ̀ níhìn-ín, mo ń gbọ́ bí àwọn ìṣó ṣe ń ké bí ó ti ń fà wọ́n yọ. Bí ọ̀kan bá ti tu lójú pákó, nǹkan a tu nínú mi. Ìró náà ń gòkè, ó ń gòkè, èmi sì mọ ohun tó ń dúró dè é lókè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Láti ìgbà tí mo ti lè di búrọ́ọ̀ṣì mú, èmi ni mo ń gbá rọ́ọ̀gì yẹn. Orí eékún ni wọ́n ti ń gbá a, láràárọ̀, kí n tó lọ síléèwé, nígbà tó sì yá, kí n tó lọ sílé iṣẹ́ bàtà tí mo ti ń kan àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ bàtà. Eruku rẹ̀ á wọ̀ mí lọ́fun. N óò wúkọ́ lójú ọ̀nà, n óò wúkọ́ nídìí iṣẹ́, n óò tún wúkọ́ ní kíláàsì alẹ́ títí olùkọ́ yóò fi ní kí n lọ dúró síta. Ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ mi, pẹ̀lú ìwé mi lórí ògiri. Mi ò gbàgbé. Mo bẹ ìyá mi pé kí a ká rọ́ọ̀gì náà. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ìyá mi ní, "Ọwọ́ bàbá rẹ ló wà níbẹ̀ yẹn. Bí mo bá kú, kí o ká a, kí o fi wé mi bó o bá fẹ́." Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti dàgbà nígbà náà, síbẹ̀ bó bá wò mí, ilẹ̀ ni n óò máa wò.

Ìgbà kan wá, ó lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, ó ní òun á pẹ́ díẹ̀. Mo ní bí mo bá ti ká a tán kó tó dé, á bínú, ìbínú náà á sì tán. Òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo tú àtẹ̀gùn òkè pátápátá àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìṣó bàbá mi ti dípẹtà; bí mo ti ń fà wọ́n ni wọ́n ń ká, mo sì ń jù wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú ilé o! Ṣé kò sẹ́ni tó máa gba ẹrù lọ́wọ́ mi ni?" Ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yá, ó ti padà wálé. Mo da rọ́ọ̀gì padà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọ ìdí àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá wò ó, ẹ ò ní mọ̀. Mo ní bó bá jáde lọ́la, n óò kàn án.

Ó gun òkè lọ sí yàrá rẹ̀. Mo ru ẹrù tẹ̀ lé e, mo ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀, mi ò mí. Ó tẹ ibẹ̀. Rọ́ọ̀gì ò yẹ̀, nítorí ẹni tó ń gòkè, inú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tì í sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òmùgọ̀ ni mí! Ṣé èmi ọmọ káfíńtà ni mi ò mọ̀ pé ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni rọ́ọ̀gì tí a ò kàn ń dè? Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ: "Màmá, ẹ rọra tẹ ibẹ̀ yẹn o." Ọ̀rọ̀ náà dé eyín mi. Mo gbé e mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, inú ilé ìdáná ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mi ò ní sọ bí ìró náà ṣe rí. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyàwó wa ti gbé orí ìyá mi lé itan, àkísà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tán ni. Àbúrò mi sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú. "Kí ló ṣe é?" Ìyàwó ní, "Mi ò mọ̀ o, mo kàn ń nulẹ̀ ni." "O ń nulẹ̀! Omi! O da omi sórí àtẹ̀gùn de ìyá mi!" Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ẹ̀ rí nǹkan?" Ẹ̀yin aládùúgbò náà ti sáré wọlé. Gbogbo yín ń wo ẹnu mi. Èmi ń wo àkísà. Mo ní, "Omi ni."

Wọ́n gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn. Mo ní, "Ẹ máa lọ, ẹ jẹ́ kí n kó aṣọ rẹ̀." Aṣọ kọ́. Mo mú òòlù àti ìṣó bàtà nínú báàgì iṣẹ́ mi, nítorí ti bàbá mi ti ká, kò sì sí òmíràn nílé. Mo kan rọ́ọ̀gì náà mọ́lẹ̀ ju bí bàbá mi ti kàn án lọ. Nígbà tí àbúrò mi wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi gbogbo agbára fà á, kò mì. Ọ̀rọ̀ wá di ti omi pátápátá. Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Ìyàwó Olómi. Bó bá ń kọjá, ẹ á ní, "Ẹ ká ṣòkòtò o, Olómi ń bọ̀." Mo gbọ́, mi ò dá yín lẹ́kun. Ọjọ́ tí àbúrò mi lé e lọ, ó gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó dúró síwájú mi pẹ̀lú àpò rẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn yòókù lè má mọ̀, ẹ̀yin mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń nu ilé yìí. Ṣé mo lo àkísà rí láìfún un gbẹ?" Mo ní, "Ọlọ́run á tù ọ́ nínú." Mo pọn ọmọ náà, mo ti ilẹ̀kùn.

Ohun tó wà lókè nìyẹn, tí ọmọ náà ń kúnlẹ̀ gùn lọ bá ní Sátidé. Nígbà tó kù díẹ̀, mo pariwo láti ìsàlẹ̀: "Ọmọ mi, ó tó bẹ́ẹ̀. Fi ti òkè yẹn sílẹ̀, ó ṣì dára." Ó ní, "Màmá, ta ló ń fárí tó ń dá ìpàkọ́ sí?" Ó fa rọ́ọ̀gì, kò tu. Ó tún fà á. "Háà! Kí ni wọ́n kàn síbí? Àbí wọ́n fẹ́ kó má jíǹde ni?" Ó fi ẹmú fà wọ́n yọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó la ọwọ́ síwájú mi. "Màmá, ìṣó bàtà rè é." Ta ni mo fẹ́ tàn? Ìdí tábìlì iṣẹ́ mi ló ti kọ́ ìrìn. Ìṣó bàtà ni mo fi kọ́ ọ ní òǹkà. Síbẹ̀ mo ní, "Bàbá àgbà rẹ ló..." Ó ní, "Bàbá Àgbà kú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bàtà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi." Ó gbé ìṣó náà sún mọ́ ojú mi. "Nígbà wo lẹ kàn án, Màmá?" Mo sọ fún un. Ìdúró ló wà tó fi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe bí ẹni parí, ó bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń sá fún jù láyé mi: "Màmá Àgbà fúnra wọn ńkọ́? Ṣé wọn ò sọ ohun tó gbé wọn ṣubú ni?"

Ìyá mi sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ibi tó ti bu mí jẹ nìyí. Àbúrò mi, o rántí pé Màmá ń wí lórí ibùsùn pé, "Rọ́ọ̀gì ni. Rọ́ọ̀gì ló rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi." Ìwọ fẹ́ gbà á gbọ́. Èmi ni mo fà ọ́ sí kọ̀rọ̀ tí mo ní, "Ọjọ́ orí ni, má dá a lóhùn." Nígbà tí o jáde, mo di ọwọ́ Màmá mú. Mo ní, "Màmá, rọ́ọ̀gì kì í rìn. Èyí tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn kàn?" Ó wò mí títí. Ìyá mi tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ wá rí bí ojú ọmọ tó sọnù lọ́jà. Ó ní, "Àbí mo ti ń ṣarán ni?" Mo lè sọ pé rárá. Mo ní, "Ó máa ń ṣe àgbà bẹ́ẹ̀, Màmá." Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bí a bá gbé omi fún un, á ní, "Ṣé mo ti mu, àbí mi ò tíì mu? Ìwọ lo mọ̀." Bí a bá wọ aṣọ fún un, á ní, "Ṣé tèmi ni?" Egungun ìbàdí rẹ̀ tó ṣẹ́ jinná. Èyí tí mo ṣẹ́ kò jinná. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó ní bí òun bá dé ọ̀hún, òun á kúnlẹ̀ bẹ Bàbá, nítorí òun parọ́ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà ò bú mi. Mo ní, "Jọ̀ọ́, bá mi sọ ọ́ fún ìyá rẹ." Ó ní, "Rárá. Ẹnu tó ní 'Omi ni' ni kó lọ sọ pé kì í ṣe omi." Láti Sátidé ló ti ń gbé oúnjẹ síwájú mi, tó ń bu omi ìwẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n kò tíì pè mí ní Màmá. Kò tíì pè mí ní ohunkóhun.

Ìyàwó wa, o máa ń fún àkísà gbẹ. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀ ọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọmọ rẹ fi wà lẹ́yìn mi. Forí jì mí. Bí ọkàn rẹ ò bá gbà á, má fipá mú un. Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ gba orúkọ yẹn kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ óò fún lórúkọ, àwọn ìṣó náà wà lórí tábìlì yẹn. Ẹ̀yin ọmọdé, ohunkóhun tí ẹ bá tú tí ẹ ò tíì kàn padà, ẹ pariwo rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó tẹ̀ ẹ́, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà yín. Ìbínú ìyá mi ì bá rọlẹ̀ kí oúnjẹ tó jinná. Sísá tí mo sá fún un ló lé mi di arúgbó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún fi nǹkan kan bo àtẹ̀gùn yìí mọ́. Ẹ jẹ́ kí pákó rẹ̀ máa dún. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì dé ibojì ìyá mi kí n tó débẹ̀, kó bá mi sọ ọ́ sókè: Màmá ò ṣarán. Rọ́ọ̀gì ló rìn.