Ọ̀rọ̀ Aṣínà Áfì tí Mo Fún Àna Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Atakpamé, ìlú wa ní Tógò, kò tóbi. Wọ́n lé obìnrin kan lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tí èmi ṣe, ọ̀gá mi sì ní kí n wá sọ irú ààbò tí a ó fi sórí kọ̀ǹpútà wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Ilé iṣẹ́ wa ń ra sóyà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Datcha àti Moretan. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ńlá tó ń pa gbogbo nǹkan mọ́ wà nínú yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ lè gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀ láti ilé. Tó bá ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, gbogbo rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún un.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan mú irú ààbò tuntun wá láti Lomé. Ó ní ìyẹn kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, ì báà ṣe ọ̀gá pàápàá. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, yóò béèrè lórí fóònù rẹ bóyá ìwọ ni, o kò sì ní rí ju ohun tó kan iṣẹ́ rẹ lọ.

Ọ̀gá bi mí léèrè bóyá ká mú un. Mo ní, "Pátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá mi, èyí tó wà nínú ilé wa ni apá wa ká. Kí la fẹ́ fi ti àjèjì ṣe?" Ó gbà mí gbọ́.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi náà ń ra sóyà. Kí ọjà Moretan tó ná, ó máa ń fẹ́ mọ iye tí àwa fẹ́ rà á. Òun ló fa ìyàwó mi lé mi lọ́wọ́, mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé rárá? Ṣùgbọ́n n kò fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà tèmi. Ti Áfì, akọ̀wé wa, ni mo fún un. Ẹ̀rù ń bà mí nígbà yẹn pé irú tuntun yẹn yóò béèrè lórí fóònù Áfì bóyá òun ló ń wọlé.

Nígbà tí àna mi ń ṣáájú wa lọ́jà lemọ́lemọ́, ọ̀gá ní kí n wá ẹni tó ń tú àṣírí. Orúkọ Áfì ló jáde nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó wọ inú ẹ̀rọ, mo sì mú un lọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, ó sì lé Áfì. Áfì sunkún, ó ní òun kò mọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ojú tì mí.

Áfì wá kí wa nílé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní, "Fòfó, ẹ̀gbọ́n mi, nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń kí mi. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó fi ẹni tó ṣe é hàn." Ìyàwó mi ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Irú ààbò tí a ó mú kò ṣòro mọ́. Mo lè ní ká mú tuntun, ọ̀gá yóò sì yìn mí, yóò ní Áfì ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lọ, ilé mi sì lè tú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá: ọ̀gá, àna mi, àbí Áfì?