Orúkọ Àparò Tí Mo Gbé Wọ̀

Ẹ̀yin tí a jọ ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn yìí, orí aṣọ ibùsùn tí ẹ̀yin fúnra yín fọ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí tí mo ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi: mi ò ní í padà wá bá yín ní yàrá ìfọṣọ nísàlẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹrù tí mo ti ń dá gbé, mo fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn. Ara páálí ọṣẹ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, páálí ọṣẹ kì í sì í pọ́nni lé.

Ẹ rántí pé ọ̀gá àgbà àtijọ́ ló ní kí wọ́n ṣí ojú-ìwé yìí fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ bí iṣẹ́ ṣe yẹ kó rí síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún ohun tí ẹlòmíì kọ ṣe, ì báà jẹ́ dókítà ló kọ ọ́. Kò sí oyè níbẹ̀, orúkọ ìnagijẹ nìkan ni. Èmi tí mò ń tọ́jú rẹ̀ ni mo mọ ẹni tó ni orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ní òun yàn mí torí pé ẹnu mi kì í jò. Àgbà náà a máa ṣìnà.

Ẹ ò mọ̀ pé Àǹtí tó ń ti aṣọ bọ ẹ̀rọ ìlọṣọ ni Àparò. Ó sọ fún mi pé àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè, òun ò sì rí ebè kankan nínú yàrá ìfọṣọ. Òun náà ló sọ mí ní Kànìnkànìn, ó ní ọ̀rọ̀ mi ń họ èèyàn lára. Bí mo bá kọ nǹkan gígùn síbí, kí n tó mu omi tán, Àparò ti bọ́ sí i: “Kànìnkànìn, o tún ti ń ṣe bíi lọ́yà. Gé e kúrú.” Èmi nìkan a máa rẹ́rìn-ín láàárín àpò aṣọ ìdọ̀tí. Kò sí ẹlòmíì tó ń bá mi wí tí inú mi ń dùn.

Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé, ó ní ẹ̀rọ ìlọṣọ ń falẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tú irin tó bo ẹnu rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kó fa ọwọ́ èèyàn wọlé. Àparò kọ ọ́ síbí pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà títí irin yẹn yóò fi padà síbẹ̀. Gbogbo yín gbọ́ tirẹ̀. Aṣọ ga bí òkè. Ọ̀gá pè mí, ó ní ta ni Àparò. Mo ní mi ò lè sọ. Kò bínú. Ó mú mi lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi. “Alábòójútó ìfọṣọ ni yóò máa jókòó síbí,” ló wí. Àtìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, orí àpò ìdọ̀tí ni mo ti ń jókòó. Mo wo àga yẹn bí olóùngbẹ ṣe ń wo omi. Mo sì dárúkọ Àǹtí.

Wọ́n lé e. Èmi ni mo sọ fún yín pé ilé ọmọ rẹ̀ ló lọ. Èmi náà ni mo tì í mọ́ta lórí ojú-ìwé yìí, tó fi jẹ́ pé ó lè kà á ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan síbí mọ́.

Ìyẹn ì bá ṣì kéré. Ẹ ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà síbẹ̀, ẹ ní ẹ ń retí ọ̀rọ̀ Àparò. Mo jókòó sórí àga tuntun mi, mo gbé orúkọ rẹ̀ wọ̀, mo kọ ọ́ ní kúkúrú bó ṣe máa ń kọ ọ́: “Mo ti yẹ ẹ̀rọ náà wò. Kò léwu mọ́. Ẹ máa ṣiṣẹ́.” Mi ò tilẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀rọ gbá ọwọ́ Baba Ìbejì mú, ẹni tó gba ipò Àǹtí. Nígbà tí wọ́n ń gbé e kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, kò pariwo. Ohun tó ń tún sọ ṣáá ni, “Àparò ló ní kò léwu.”

Ẹ ṣépè fún Àparò. Mo bá yín mi orí.

Àǹtí pè mí lórí fóònù. Kò kí mi. “Ta ló ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀?” Mo pa fóònù. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Yàrá yẹn dára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọ inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè mí ní Kànìnkànìn mọ́. Ohun tí mo bá kọ síbí lórúkọ alábòójútó, tòun ti àṣìṣe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń wà, torí ta ni yóò tún ti alábòójútó ṣe? Mo máa ń padà lọ ka àwọn ibi tí Àparò ti bá mi wí láyé ijọ́un, bí ẹni tó ń gbóòórùn aṣọ ẹni tó ti lọ.

Baba Ìbejì, ọwọ́ yín ò lè padà bọ̀ sípò, mo mọ̀. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọmọdé ibẹ̀, bí wọ́n bá fi àga lọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí wọ́n ní kí ẹ gun orí rẹ̀ kọjá kí ẹ tó jókòó.

Ojú-ìwé yìí ṣì jẹ́ ti gbogbo wa. Bí mo bá ṣàánú ara mi jù níbì kan, ẹ pa ibẹ̀ rẹ́. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn tí mo tì mọ́ Àǹtí, mo sì ti bọ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá rí i, kó bá mi sọ fún un pé mò ń retí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti gùn jù. Àparò, wá gé e kúrú.