Ibi Tí Fíìmù Sámúráì Mi Ti Lágbára

Ẹ ní kí n wá sọ ibi tí fíìmù sámúráì mi, ìtàn àwọn jagunjagun onídà ilẹ̀ Japan, ti lágbára àti ibi tó kù sí, fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Àìsàn tó ń ṣe mí ò ní jẹ́ kí n tún padà wá síbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lónìí.

Ká kọ́kọ́ mú àléébù rẹ̀. Ìtàn náà gùn jù. Baba arúgbó inú rẹ̀ ò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́. Bí idà bá sì kan idà, bíi ṣíbí tó bọ́ sínú ìkòkò òfìfo ló ń dún. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Agbára rẹ̀ lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún: ibi tí sámúráì tó bojú ti já bọ́ láti orí òrùlé, tó ń fi àtẹ́lẹ́wọ́ lu ilẹ̀ títí ọwọ́ náà fi dákẹ́. Àbúrò mi ló wà lábẹ́ ìbòjú yẹn, ọmọ ìyá mi. Nídìí iṣẹ́ wa, àdéhùn ni pé ẹni tó bá fara pa lóòótọ́ yóò fọwọ́ lu ilẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì dúró. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ. Oníkámẹ́rà kígbe pé, "Ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ o! Ṣé ká dúró?" Mo ní, "Máa yà á lọ." Ó dára lójú mi, ìkà tí mo jẹ́! Mi ò gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Nílé ìwòsàn, àbúrò mi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò rí ọwọ́ mi ni?" Mo ní eruku ló bò mí lójú. Ó ní, "Mo mọ̀. Ká ní ẹ rí i ni, ẹ̀ bá ti sáré wá." Ó gbà mí gbọ́, ó sì kú. Ọkàn mi ò sinmi láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnìkan bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró. Ìyá wa ló jókòó níwájú yẹn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà fún mi, tí wọ́n ń sọ fáwọn ará ilé pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fi í sílẹ̀." Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí dáadáa ná, kẹ́ ẹ tó tún gbàdúrà fún mi.