Ohun Tí Mo Sọ Nípa Apá Ambrose Tilney

Alága wa, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì agbègbè wa yìí, ẹ̀yin àlejò, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo ti lé kúrò lórí koríko pápá tí mò ń tọ́jú láìmọye ìgbà, mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà tí a ti jókòó sídìí tíì ni ẹ ti ń yìn mí. Kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò yẹ fún ìyìn, torí Miss Hester Tilney wà lórí àga iwájú.

Ẹ̀yin àgbà rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ambrose. Ìdíje mẹ́rin péré ló gbá fún wa, lọ́dún 1914. Nínú ìkẹta, ó fi bọ́ọ̀lù tó jù lé méje nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì jáde kúrò lórí pápá kí a tó jẹun ọ̀sán. Ta ló tún ti ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi náà ń ju bọ́ọ̀lù nígbà yẹn, ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mí, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù nínú ẹgbẹ́ fún ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù.

Òfin wa ni pé apá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ. Lẹ́yìn ìdíje kẹrin, ọ̀gá ẹgbẹ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Reuben, àwọn kan ń kùn pé apá Tilney ń ká. Ìwọ lo dúró tì í jù. Kí lo rí?"

Mo ní, "Ó ń ká, sà."

Irọ́ ni. Wọ́n yọ ọ́.

Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń tú okùn bàtà. "Bọ̀dá Reuben, wọ́n ní ẹnì kan rí i. Ṣé ẹ̀yin náà rí i?"

Mi ò gbójú sókè. "Èmi ò wo ibẹ̀."

"Kò burú. Bóyá àwọn ṣọ́jà ò ní yẹ apá mi wò."

Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó forúkọ sílẹ̀. Nílẹ̀ Faransé, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó mọ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù dáadáa, wọ́n fi í sáàárín àwọn tó ń ju bọ́ǹbù ọwọ́, àwọn tó máa ń ṣáájú. Ó kú lóṣù kẹwàá ọdún 1915, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélógún. Èmi gba àyè rẹ̀, mo wá gba iṣẹ́ koríko, ẹ sì ń pè mí ní olóòótọ́.

Miss Hester, lọ́dún tó kọjá, ẹ sọ fún ìyàwó mi pé nínú lẹ́tà Ambrose tó gbẹ̀yìn, ó ṣì ń bi yín bóyá apá òun burú lóòótọ́. Mo wà ní yàrá kejì. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́.

Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà mí láṣọ. Ó ku díẹ̀.

Apá rẹ̀ tọ́. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ mi mọ́ ọn. Miss Hester, mi ò ní bẹ̀ yín níwájú èrò, kó má dà bíi pé mo tún ń fipá gba nǹkan lọ́wọ́ ìdílé yín. Bí ẹ bá fẹ́ dìde kí ẹ máa lọ, kí ẹnikẹ́ni má dá yín dúró.

Kí Ọlọ́run tù yín nínú. Kí ó má jẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan nínú ẹgbẹ́ yìí pàdé àgbà bíi tèmi. Ẹ ṣé o, tí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.