Mo Sẹ́ Màámi Nínú Ilé Àtijọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àmọ́ ọpẹ́ ló pọ̀ jù lọ́kàn mi, torí pé Màámi wà nínú yàrá kejì ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, àwọn àti ọmọ mi jọ ń ká aṣọ, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn. Ká ní wọ́n ti padà sílé kí n tó bẹ̀ wọ́n ńkọ́? Háà! Ọlọ́run mà ṣeun o.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wọ bàálù nìyẹn. Lẹ́tà dé láti ilé ìwé ọmọ mi, Fẹ́rànmí, pé wọ́n fẹ́ kó kíláàsì rẹ̀ lọ wo ilé àtijọ́ kan lọ́nà Lewisham, tí wọ́n ti kọ́ ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, tí ẹrù àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Òbí tó bá ráyè lè tẹ̀ lé wọn. Fẹ́rànmí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní àfi kí Grandma náà lọ. Kí n má parọ́ fún yín, ọkàn mi ò fẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe bí ọmọ òyìnbó láàárín àwọn ìyá yòókù lẹ́nu géètì ilé ìwé yẹn. Màámi ní tiwọn, ìró àti bùbá, síwẹ́tà ọkọ mi lórí ẹ̀! Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n wọ kóòtù mi, wọ́n ní síwẹ́tà ló móoru.

Nígbà tí a wọ pálọ̀ ilé náà, iná ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀ rárá. Wọ́n gbé ère ìyá arúgbó kan jókòó sórí àga, aṣọ dúdú balẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó dé fìlà léèsì, ó káwọ́ lé itan bí ẹni tó ń retí àlejò. Màámi ti rí àgbàlagbà nìyẹn! Ṣé a wá lè wọ ilé onílé ká má kí ìyá ilé? Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o, mà. A wá kí yín ni o. Ṣé ara le?" Wọ́n ò dìde, wọ́n ń retí èsì. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ọ̀rẹ́ Fẹ́rànmí kan yíjú sí mi, ó ní ṣé èmi ni mo mú màmá yẹn wá.

Mo ní, "No."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ta ló yọ ìbọn sí mi? Fẹ́rànmí wò mí. Ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ó ní, "Grandma, kì í ṣe person o. It's a doll." Màámi fọwọ́ kan ìka ère yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Yéè! Mo ní bóyá wọ́n ń bínú sí mi ni!" Gbogbo ilé bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá tó bi mí léèrè wò mí, ó sì gbójú kúrò.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kan wà lórí tábìlì, wọ́n ní a lè fọwọ́ kàn án. Obìnrin tó ń mú wa káàkiri bèèrè ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Màámi ti gbé e. Wọ́n ṣí i, wọ́n fi ibi tí èédú ń gbé hàn wá, wọ́n fẹ́ ẹ lẹ́nu fùú, wọ́n wá ń fi í lọ etí ìró ara wọn. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Fẹ́rànmí ń túmọ̀. Obìnrin yẹn ní níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ. Màámi ní, "Òun ni mo fi tọ́ ọmọ mi."

Fẹ́rànmí ò túmọ̀ ìyẹn. Ó ń wò mí. Gbogbo wọn ń retí. Òótọ́ sì ni, áyọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ni Màámi fi ń bá àwọn nọ́ọ̀sì àdúgbò wa lọ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì fi owó rẹ̀ rán mi níléèwé, débi tí èmi náà fi di nọ́ọ̀sì. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà lóhùn òkè, mo ní èmi ni ọmọ yẹn, ìyá mi nìyí. Mo wá kúnlẹ̀ níwájú wọn, lórí ilẹ̀ òkúta tútù ilé ìdáná yẹn, lójú gbogbo wọn. "Màámi, ẹ dárí jì mí."

Wọ́n ní, "Dìde jàre, ilẹ̀ yìí tutù." Wọ́n wá sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Òyìnbó mi ò pọ̀, àmọ́ mo mọ 'No'. Ó ti tán."

Nínú bọ́ọ̀sì, Fẹ́rànmí ní, "Mummy, why did you say no?" Kí n tó lanu, Màámi ti dáhùn pé ẹ̀rù ló bà mí, mo rò pé àwọn fẹ́ fọ́ nǹkan ilé onílé. Ẹ ò rí i? Wọ́n ṣì ń bò mí láṣìírí!

Látìgbà yẹn, kò sí àárọ̀ tí n kì í kúnlẹ̀ kí wọn, kódà bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀ tí ará ìta ń wò mí. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ pẹ̀lú irọ́ tí Màámi pa nítorí mi, àbí kí n jẹ́wọ́ fún un? Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló mú màmá yẹn wá, ẹ tètè dáhùn o.